Ìtànṣán Wúrà

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ mi fi wá ìtànṣán gáámà, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ní ó máa ń tú jáde lára wúrà tuntun tó máa ń wáyé nígbà tí òkú ìràwọ̀ méjì bá forí gbárí lójú ọ̀run. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa dá a lápárá pé, "Bàbá Oníwúrà, ìgbà wo lẹ máa rọ yẹtí fún ìyàwó yín?"

Láàárọ̀ yìí, ìtànṣán náà hàn lójú kọ̀ǹpútà, gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wí. Ayọ̀ mú mi gbàgbé, mo sáré pè é. Fóònù rẹ̀, tí n kò lè pa látìgbà tí a ti sin ín, dún nínú báàgì mi.

Ọ̀gá wa ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ jẹ́ n bá yín pa á."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dún. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́."