Ẹsẹ̀ Òsì Méjì Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Òfin kan ṣoṣo ni Tóyìn ní nínú òwò bàtà tó ń ṣe lórí fóònù, òfin náà kò sì gba ẹ̀bẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ dá ọjà padà, kó san owó mọ́tò rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí Wásáàpù, ó kọ ọ́ sí Íńsítágíràmù, ó sì fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò rí i.

Kì í ṣe ìwà ahun ló bí òfin yìí. Nígbà tí Tóyìn kọ́kọ́ dé Ìkòròdú láti Ìkirè, tó gba yàrá kan ní Lásùnwọ̀n, tó sì kó bàtà mẹ́wàá àkọ́kọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú àánú ló fi ń tajà. Obìnrin kan wá ra bàtà gogoro lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì dá a padà lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú iyanrìn nínú rẹ̀, ó ní kò bá òun lẹ́sẹ̀ mu. Tóyìn ló san owó àlọ, òun náà ló san owó àbọ̀. Ọjọ́ yẹn ló ṣòfin.

Ní Ọjọ́rú kan, kò tíì ju aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ, fóònù rẹ̀ dún.

"Ṣé Tóyìn Oníbàtà nìyẹn?" Ohùn àgbà ọkùnrin ni, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Èmi ni Làtífù, láti Ẹ̀pẹ́. Bàtà tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Bàtà tó dára ni, awọ rẹ̀ ń dán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹsẹ̀ òsì mélòó lo rò pé mo ní?"

"Ọ̀rọ̀ yín ò yé mi, sà."

"Kò yé èmi náà. Méjèèjì tó wà nínú páálí yìí, ẹsẹ̀ òsì ni. Mo ki ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, mo ń wọ́ ọ nílẹ̀ kí n fi dán an wò. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń lọ o, ilé ìdáná ló ń darí mi sí."

Tóyìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rántí ọjọ́ Ajé lójú ẹsẹ̀. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ méjì, irú kan náà, nọ́ḿbà mẹ́tàlélógójì, ló dì lọ́jọ́ náà: ọ̀kan fún Bàbá Làtífù ní Ẹ̀pẹ́, èkejì fún tíṣà kan tó ń jẹ́ Adétúnjí ní Ìkòròdú níbí. Bó ṣe ń dì wọ́n ni ìyá rẹ̀ pè é láti Ìkirè, tó ń ròyìn ewúrẹ́ kan tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lákòókò ìwàásù tó sì kọ̀ tí kò jáde. Tóyìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàtà wo ni ì bá tún rí?

Ó mọ̀ pé òun lòun ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ ẹnu lára kì í dúró gbọ́ ti ọkàn.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ẹ bá mi fi ọ̀kan rán awakọ̀ padà, èmi náà á fi ti ọ̀tún ránṣẹ́. Ẹ kàn máa san owó mọ́tò."

"Èmi ni n ó san án?"

"Òfin wa nìyẹn, sà. Ó wà níbẹ̀, pupa ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Mọ̀nsúrát ọmọ mi kà á fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọjà padà lòfin yẹn ń bá wí. Èmi ò fẹ́ dá nǹkan kan padà. Bàtà ni mo fẹ́."

 Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ogójì ọdún ni mo fi kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà níbí. Lọ́dún kan, mo kan ọkọ̀ fún apẹja kan ní Èjìnrìn, ọkọ̀ náà ń jò. Èmi fúnra mi ni mo lọ wà á padà wálé. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ kan wà á, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi ọwọ́ kejì gbọ́n omi dànù. Ta ni ì bá tún wà á? Ẹni tó fowó rẹ̀ rà á?"

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti bàtà, sà," ni Tóyìn wí. Ojú ara rẹ̀ tì í bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ọ̀la ni Mọ̀nsúrát máa gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Òun ló ra bàtà náà fún mi, kí n lè wọ̀ ọ́ jókòó láàárín àwọn òbí yòókù. Sílípáàsì ni mo ti ń wọ̀ láti kékeré mi, òun náà ni n ó wọ̀ lọ. Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí òwò rẹ."

Ó pa fóònù. Tóyìn jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀. Ká ní bàbá náà bú u ni, ara ì bá tù ú.

Kò tíì dìde níbẹ̀ tó fi gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lójúde pé, "Àǹtí Oníbàtà! Ẹ jáde o, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi!"

Adétúnjí ni. Ọkùnrin gíga kan báyìí, tó gbé páálí bàtà há abíyá. Màmá Agnes, onílé Tóyìn, tó ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, gbé ojú sókè. Adétúnjí ṣí páálí, ó kó bàtà méjèèjì sílẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n bá òun dá ẹjọ́ náà. Màmá Agnes wò wọ́n, ó yí wọn, ó tún wò wọ́n, ló bá bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀ nínú àtẹ.

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ni Tóyìn ń wí. "Èmi ni mo dì í bẹ́ẹ̀."

"N ò bínú. A wà ní ọlidé, n ò níbi kankan í lọ. Ṣùgbọ́n mo gun ọ̀kadà wá, n ó sì gùn ún padà."

Tóyìn wọlé, ó mú owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ jáde, ó kó o lé e lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí Adétúnjí ń ki owó bọ àpò ni Màmá Agnes béèrè pé, "Tóyìn, ṣé o ti pa òfin pupa yẹn rẹ́ ni?"

Ìbéèrè lásán ni ìyá àgbà rò pé òun bi í. Ṣùgbọ́n bíi pé wọ́n da omi tútù sí Tóyìn lára ló ṣe. Ẹni tó dúró lójúde, tó lè pariwo kí àdúgbò gbọ́, ó sanwó fún un kíá. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, tó tún súre fún un kó tó pa fóònù, ó ka òfin sí i létí.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ yá mi ní ẹsẹ̀ ọ̀tún kan. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàtà yín á pé méjì, ọ̀tún àti òsì."

"Ẹ̀pẹ́?" Adétúnjí wò ó. "Ẹ mú un. Ẹja ni kí ẹ mú bọ̀ fún mi."

Ní gáréèjì Ìkòròdú, awakọ̀ kan ní kó gbé páálí náà fún òun, pé òun á bá a fi jíṣẹ́. Tóyìn bi í pé ìgbà wo ló máa dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Awakọ̀ ní, "Lónìí tàbí lọ́la, bó bá ṣe rí." Tóyìn kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó wọ inú mọ́tò, ó gbé bàtà lé orí itan, ó pe Bàbá Làtífù.

"Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ láàárọ̀. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, èmi ni mò ń gbé e bọ̀."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Wàá jẹun níbí."

Mọ́tò gba Ìmọ̀ta, ó gba Itóìkín, ó gba ibi tí igbó ti pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Tóyìn sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọmọbìnrin kan tó fi ìbòrí funfun borí ti ń retí rẹ̀. Mọ̀nsúrát ni. Ó dì mọ́ Tóyìn bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́, ó sì mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà, níbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Bàbá Làtífù kúrú, èjìká rẹ̀ fẹ̀. Tóyìn kúnlẹ̀ kí i, ó sì yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún náà jáde. Bàbá fi ọwọ́ pa eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ìgbà yẹn gan-an ni Tóyìn rí ẹsẹ̀ Bàbá dáadáa, ó sì mọ̀ pé wàhálà mìíràn tún dé. Ẹsẹ̀ náà fẹ̀ bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, Bàbá dìde dúró kó lè fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ìka ẹsẹ̀ wọlé, ìyókù kọ̀.

"Mọ̀nsúrát," ni Bàbá wí, "mo rò pé torí ó jẹ́ òsì ni kò ṣe wọlé tán. Ibo lo ti rí nọ́ḿbà mẹ́tàlélógójì?"

"Sílípáàsì yín ni mo wò, Bàbá."

"Gìgísẹ̀ mi kò tíì wọnú sílípáàsì yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á."

Tóyìn yára sọ pé kò burú, òun á gbé e padà, òun á fi èyí tó tóbi ránṣẹ́, òun lòun á san gbogbo owó mọ́tò. Bàbá na ọwọ́ sókè.

"Rárá o. Àṣìṣe àkọ́kọ́, tìrẹ ni, o sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn ín wá. Èyí, tiwa ni. Nọ́ḿbà tí a pè lo fún wa. Bó bá jẹ́ pé a máa dá a padà, èmi ni n ó sanwó."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n san án."

"O ò ní san án."

"Bàbá, mo ní kí ẹ jẹ́ kí n san án!"

Àwọn méjì tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wòran. Wọn kò rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí, kí oníjà méjèèjì máa du owó sísan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mọ̀nsúrát ló là wọ́n. "Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni o," ó ní. "Ẹni yòówù kó sanwó, kí ni Bàbá máa wọ̀?"

 Bàbá gbé bàtà kan, ó yí i po lọ́wọ́, ó fi àtàńpàkò tẹ awọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. "Awọ gidi ni àbí ike?"

"Awọ gidi ni, sà. Ó máa ń fẹ̀. Bí a bá fi òróró àgbọn pa á, tí a fi aṣọ tó rin díẹ̀ sí i nínú, ó máa gbọ́ràn."

"Èmi tí mo ń fi omi gbígbóná tẹ pákó lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú awọ gbọ́ràn?" ni Bàbá wí, ó sì ti dìde. Ó ṣa pákó méjì láàárín èyí tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lé orí wọn, ó fi èédú fa ìlà yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni tó ń bó ọsàn. Tóyìn ń fi òróró pa awọ, Mọ̀nsúrát ń gbé omi gbígbóná wá. Nígbà tí pákó ti dà bí ẹsẹ̀ ènìyàn, Bàbá fi òòlù kàn án wọnú bàtà díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tẹ́tí sí awọ bí ẹni ń tẹ́tí sí ọmọ tó ń sùn, ó tún kàn án. Wọ́n jẹ ìrẹsì àti ẹja títí ó fi tó àkókò láti yọ ọ́. Bí Bàbá ti kírun Alásárì tán, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà. Ó wọlé. Ó fún un díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé.

Nínú mọ́tò tó gbé Tóyìn padà sí Ìkòròdú ló ti pa òfin pupa rẹ́, tó sì fi dúdú kọ òmíràn: *Bó bá jẹ́ àwa la ṣàṣìṣe, àwa la máa sanwó mọ́tò àlọ àti àbọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ̀yin lẹ máa san án. Bí a ò bá mọ ẹni tó ṣe é, ẹ pè wá ká jọ sọ ọ́.* Ó kà á, ó sì fi í sí Wásáàpù àti Íńsítágíràmù.

Adétúnjí ti ń dúró dè é níwájú ilé, òun àti Màmá Agnes, wọ́n ń jẹ àgbàdo. Tóyìn fún un ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ mẹ́ta tí Mọ̀nsúrát fi ewé wé. Adétúnjí kò tilẹ̀ wo bàtà. Ẹja ló kọ́kọ́ gbóòórùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti lé ní aago méjìlá ọ̀sán, fóònù Tóyìn dún. Ariwo ayọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni ohùn Mọ̀nsúrát.

"Àǹtí Tóyìn, ẹ gbọ́ nǹkan! Bí Bàbá ṣe wọnú gbọ̀ngàn, bàtà yẹn ń fún un, ló bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó gbé àyà síwájú, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ọba. Àwọn tó ń tọ́jú àlejò rò pé ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá àgbà ni! Wọ́n mú un lọ sí iwájú pátápátá, níbi àga tìmùtìmù. Bàbá ò sì jiyàn!"

Tóyìn rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Ó gbọ́ tí Bàbá ń béèrè ẹni tí ọmọ òun ń bá sọ̀rọ̀, ó gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù fún un.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Làtífù wí lóhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́, "wọ́n fún mi ní ìpápánu, wọ́n fún mi ní omi inú ìgò. Wọ́n tún ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi. Mo ti bọ́ bàtà sábẹ́ àga o, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i."