Ẹ̀yìn Tí Mi Ò Rí Rí

Ìwọ tó ń ka èyí, jọ̀ọ́, má kà á sókè. Bí ẹnìkan bá jókòó tì ẹ́, pa á dé ná. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ilé ìyafọ́tò ni mo ti ń gbálẹ̀. Obìnrin ni ọ̀gá mi, kò tó mi lọ́jọ́ orí. Kì í ya ìyàwó, kì í ya ọmọ tuntun. Ara ènìyàn ló ń yà, láìsí aṣọ, nínú igbó, létí odò, bí ẹni ń ya igi. Bí mo bá ń nulẹ̀, ilẹ̀ nìkan ni mo máa ń wò.

Lọ́jọ́ kan ló ní, "Màmá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ yà lórí òkúta odò."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé àwọn ọmọge ti tán nílẹ̀ ni?"

"Ara wọn ń dán jù. Òkúta yẹn ò ní gbà wọ́n. Ara tiyín ti rí òjò, ó ti rí oòrùn."

"Ẹ ò kúkú wí pé mo ti gbó."

"Ẹ ti gbó dáadáa."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Àǹtí mi ló tọ́ mi, ilé rẹ̀ ni mo padà sí nígbà tí mo di opó. Bó bá gbọ́ pé mo bọ́ra sílẹ̀ níta, yóò da ẹrù mi síta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún wò mí. Mo gbà. Mo ní ojú mi ò gbọdọ̀ hàn o. Ọ̀gá ní ẹ̀yìn lòun fẹ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí a dé odò. Kò yà mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n tú kọ́mú, kí n bọ́ yẹ̀rì, kí n da aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bora, kí n jókòó. Àmì rọ́bà yẹ̀rì ṣì wà ní ìbàdí mi, àmì okùn kọ́mú ṣì wà léjìká.

"Ara yín ò tíì gbàgbé aṣọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó gbàgbé."

A sì dúró. Ìkùukùu ń rìn lórí omi bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Nígbà tó yá, àwọn àmì náà parẹ́. Mo gun òkúta, mo ká ara jọ, mo kọ̀yìn sí i. Òkúta tutù. Lẹ́yìn náà ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo fún un ní ooru àbí òun ló fún mi. Lámilámi kan bà mí léjìká, kò bẹ̀rù. Ẹ̀rù kúrò lára èmi náà. Mi ò gbọ́ ìró kámẹ́rà. Ó dà bíi pé mo ti wà níbẹ̀ kí odò tó dé.

Fọ́tò náà ga bí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá gbé e kọ́ sára ògiri. Mo wò ó, mi ò rí ara mi. Òkúta méjì ni mo rí. Ọkàn mi balẹ̀.

Àfi bí Àǹtí ṣe wọlé lọ́sàn-án kan, ó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé tí mo ṣèèṣì gbé lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí n sùn síta ni?" Ó gbójú sókè. Ó rọra súnmọ́ fọ́tò.

"Òkúta nìyí?"

"Òkúta ni, mà." Èmi ni mo yára dáhùn.

Ó nàka sí ìsàlẹ̀ èjìká. Àpá kan wà níbẹ̀, bí ewé tó ká.

"Ta ló da omi gbígbóná sí òkúta yìí lẹ́yìn?"

Wọ́n ti sọ fún mi rí pé omi gbígbóná bó mi lẹ́yìn kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àǹtí ló ń fi òróró pa á títí ó fi jinná. Ojú ni mo fi pamọ́. Ẹ̀yìn tí èmi ò rí rí, mo gbàgbé pé ẹnìkan mọ̀ ọ́n ju ojú lọ.

Ọ̀gá rí bí mo ṣe ń làágùn. Ó ní, "Mà, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?"

Àǹtí fi etí ìborùn nu ojú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn mi, lórí aṣọ, ibẹ̀ gan-an, kò ṣìnà.

"Kí lẹ fẹ́ yọ òkúta sí? Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Àǹtí mi..."

"Gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Òkúta ni mo pè é. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."