Káàdì Inú Ọ̀rá

"Mama, kí lẹ ṣe sí eléyìí?"

Kaṣíà gbé káàdì ẹ̀dínwó náà sókè, ó ń yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná bí ẹni tí wọ́n fún ní owó ayédèrú. Káàdì náà ń dán. Ọ̀rá líle ni wọ́n fi bò ó níwájú lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń bo ìwé ẹ̀rí ilé ìwé.

"Mo lámínéètì ẹ̀ ni," Ìyá Agbálẹ̀ dáhùn. "Kí omi má bàa kàn án."

"Ẹ lámínéètì káàdì ẹ̀dínwó!" Kaṣíà kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó na ọrùn sí àwọn oníbàárà tó tò sẹ́yìn obìnrin náà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ wá bá mi wo nǹkan. Mama ti fi ọ̀rá bò ó bíi sátífíkéètì. Ṣé ẹ fẹ́ fi wáṣẹ́ ni?"

Ọkùnrin kan tó gbé ìrọ̀rí méjì mọ́ abíyá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù bá a rín in. Ìyá Agbálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ó rò pé tí òun bá bá wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tán.

"Ṣé ẹ rí ibi tó dà bíi fàdákà yìí?" Kaṣíà ń fi èékánná gún káàdì náà. "Ó yẹ kí n ha á ni, kí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ lè jáde, kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ha á báyìí? Ṣé kí n fi eyín ha á ni?"

"Bá mi fi abẹ gé ọ̀rá ẹ̀ kúrò, ọmọ mi. Abẹ wà nínú báàgì mi."

"Èmi kọ́ lọmọ yín o, Mama. Ẹ má pè mí lọ́mọ yín."

Ìyá Agbálẹ̀ mú ọwọ́ kúrò nínú báàgì. Láti ilé ìwé ló ti wá tààrà, ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ewé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òórùn oògùn tó fi ń fọ ṣáláńgá àwọn ọmọ ilé ìwé sì ṣì wà lára ẹ̀wù náà. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyí tó ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ló sọ ọ́ ní Ìyá Agbálẹ̀, àwọn olùkọ́ gbà á lẹ́nu wọn, ọ̀gá ilé ìwé gan-an kò mọ orúkọ mìíràn fún un mọ́. Kò dùn ún rí. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe èébú.

Fóòmù ló wá rà. Dírẹ́bà, ọkọ rẹ̀, ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì, látìgbà náà ló sì ti ń dùbúlẹ̀ lórí fóòmù kan tó ti gbó débi pé èèyàn lè fi ìka kan pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Egbò ti yọ sí i níbàdí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ egbò náà kò fi bò fún un: "Ìyá, tí bàbá ò bá kúrò lórí fóòmù yìí, egbò yìí á kan egungun." Fóòmù líle tó nípọn tí nọ́ọ̀sì ń wí wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, káàdì yìí sì máa gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Ìdajì náà ló wà nínú báàgì rẹ̀. Òní ni káàdì náà sì máa kú.

Ẹni tó bá mọ ilé rẹ̀ kò ní bi í léèrè ìdí tó fi lámínéètì káàdì. Nígbà tó wà lọ́mọbìnrin, òjò jò sórí àpótí ìyá rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà tó kà yọ́ di ẹ̀kọ sínú àpótí. Kò sí ibi tó dé tí wọn ò ti bi í pé, "Ìwé ẹ̀rí ẹ dà?" Bó ṣe di ẹni tó gba ìgbálẹ̀ nìyẹn. Látìgbà náà, ìwé kankan kì í wọ ilé rẹ̀ kó má wọ ọ̀rá: ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìwakọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti di aláìlò. Ọ̀dọ̀ oní-fọ́tókọ́pì ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé ló ń gbé wọn lọ. Lójú tirẹ̀, wọ́n á kàn wo káàdì náà ni, wọ́n á sì dá a padà fún un.

Kaṣíà ti yí ẹ̀yìn káàdì náà sókè. Ó kà á, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Mama, ẹ dúró. Ta ló fún yín ní eléyìí? Wọ́n kọ ọ́ síbí pé fún ẹbí òṣìṣẹ́ wa nìkan. Èwo nínú àwa tá a wà níbí ni ẹbí yín?"

Gbogbo ìlà yíjú sí i.

Ìyá Agbálẹ̀ gbé ojú sókè. Ní ìdí pẹpẹ aṣọ ibùsùn, níbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà ogún lọ sí káńtà, Àbíkẹ́yìn rẹ̀ dúró nínú yunifọ́ọ̀mù tí ìyá fúnra rẹ̀ lọ̀ láàárọ̀. Ó ń ká aṣọ. Àtìgbà tí ìyá náà ti wọlé ló ti rí i, inú rẹ̀ sì ti dùn, ó tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sínú pé ọmọ tí kì í ká aṣọ nílé wá di akáṣọ fún gbogbo ayé. Kò kí i. Ọmọ náà ti sọ fún un pé Ọjọ́rú ni kó wá, pé èrò kì í pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́rú ni ọmọ náà fi ń sinmi. Ọ̀gá ilé ìwé kò sì jẹ́ kí Ìyá Agbálẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ló fi di òní.

Ojú àwọn méjèèjì pàdé. Àbíkẹ́yìn mi orí. Ó mì ín díẹ̀ báyìí, bí ẹni pé eṣinṣin bà á lójú.

"Mama, ẹ̀ ń wo òkè wo ọ̀kánkán. Mo ní èwo ni ẹbí yín?" Kaṣíà tẹ̀lé ojú rẹ̀. "Àbí Sísí ni? Sísí! Jọ̀ọ́, wá ná."

Sísí ni wọ́n ń pe ọmọ náà níbẹ̀. Ó gbé aṣọ tó ń ká dání wá, kò gbé e sílẹ̀.

"Ṣó o mọ mama yìí?"

Ọmọ náà wo ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà. Ó wo bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá náà. Kò wo ojú.

"Rárá o," ó ní. "Mi ò mọ̀ wọ́n."

Ó ní òun ò mọ̀ *wọ́n*. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ fún un ló fi sẹ́ ìyá rẹ̀.

"Mama, ẹ gbọ́ fúnra yín. Níbo lẹ ti rí káàdì? Àbí kí n pe máníjà?"

Ìyá Agbálẹ̀ lè dárúkọ. Orúkọ kan péré ni. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà, ó rí bó ṣe fún aṣọ tó wà níbẹ̀ pọ̀.

"Mo he é ni," ó ní.

"Mo mọ̀!" Kaṣíà fi ọwọ́ lu káńtà. "Bí mo ṣe rí ẹ̀wù yẹn ni mo ti mọ̀. Inú ìdọ̀tí ibo lẹ ti he é?"

"Ilé kan tí mo máa ń gbá."

"Ẹ gbá ilé onílé, ẹ tún wá gbá ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gba nǹkan yín, kò wúlò mọ́. Ẹni tó kàn!"

Ó ju káàdì náà sórí káńtà, káàdì sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyá Agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni, kó bẹ̀rẹ̀ mú ohun tí àwọn èèyàn jù sílẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, Àbíkẹ́yìn ti padà sídìí pẹpẹ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àgbàlagbà tó ti hewú, ṣílẹ̀kùn fún un. "Ẹ má bínú, ìyá. Ayé ti bàjẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹni bí ọmọ yín ló ń ṣe yín báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Agbálẹ̀ wí. "Ẹni bí ọmọ mi ni."

Nígbà tó délé, kò jókòó. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Àbíkẹ́yìn, ó dúró. Fóòmù tó wà nínú yàrá náà nípọn, ó le, kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Òun ló rà á fún un nígbà tó ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, pé ọmọ tó máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró látàárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ sùn re. Nígbà tí egbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára Dírẹ́bà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Agbálẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà, tó ń retí kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ìyá mi, ẹ gbé tèmi fún bàbá." Ọmọ náà kò sọ ọ́. Àgbà tó bá ń dúró kí ọmọdé fojú inú rí nǹkan, á dúró pẹ́.

Lónìí, kò dúró. Ó fa fóòmù náà bọ́ sílẹ̀, ó wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

"Dírẹ́bà mi, ẹ jẹ́ ká sún díẹ̀."

Ó ti mọ bó ṣe ń ṣe é. Ó yí ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ki aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ fà á sórí ẹní, ó gbé ti tẹ́lẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé tuntun sí i. Láti gbé ọkùnrin náà padà sókè ló wá di iṣẹ́. Àwọn méjèèjì mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí wọ́n ṣe é tán.

"Fóòmù ọmọ nìyí," ni Dírẹ́bà wí. Ìdajì ẹnu tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ ló fi sọ ọ́.

"Mo mọ̀."

"Ṣé òun náà mọ̀?"

"Ó máa mọ̀."

"Tá a fẹ́ rà ńkọ́? Wọn ò tà á fún ẹ?"

"Wọn ò tà á."

"O ò rí Àbíkẹ́yìn níbẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Òun ni ò rí mi."

Ọgbọ̀n ọdún ni Dírẹ́bà fi wa ọkọ̀. Ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín awakọ̀ tí kò rí èèyàn lójú títì àti èyí tó rí i tó kàn ń lọ. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ibí yìí le dáadáa. Ó dára fún ẹ̀yìn mi." Ó sì di ojú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àbíkẹ́yìn wọlé. Ó kí bàbá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sáré kọjá ìyá rẹ̀ tó ń fọ ẹ̀wù iṣẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó wọ yàrá. Kò pẹ́ tó fi jáde.

"Ìyá mi, fóòmù mi dà?"

"Ó wà lábẹ́ bàbá ẹ."

Ọmọ náà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí bọ́tìnnì yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. "Ẹ gbọ́ tèmi ná. Ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí pé kí lẹ̀ ń ṣe. Mo ní ilé ìwé lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, 'Olùkọ́ ni wọ́n?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹ mọ ẹnu kaṣíà yẹn, tó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n rímú mí. Mo sì sọ fún yín kẹ́ ẹ wá lọ́jọ́ tí mi ò ní sí níbẹ̀!"

"O sọ fún mi pé èrò ò ní pọ̀ ni."

Ìyá rẹ̀ fún ẹ̀wù náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a sórí okùn.

"Ẹ̀yin náà, kí ló dé tẹ́ ẹ lọ lámínéètì ẹ̀? Tẹ́ ò bá lámínéètì ẹ̀, wọn ò ní bi yín léèrè ohunkóhun. Wọ́n á kàn ha á ni, kẹ́ ẹ gbé fóòmù yín máa lọ."

"Torí ìwọ lo fún mi," ni Ìyá Agbálẹ̀ wí. "Nǹkan àkọ́kọ́ tó ti ibi iṣẹ́ ẹ wọ ọwọ́ mi nìyẹn."

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Ó fi apá nù ún.

"Ibo ni mo máa wá sùn báyìí?"

"Mo ti fi ọṣẹ nu fóòmù bàbá ẹ, mo ti sá a sóòrùn. Ó wà nínú yàrá ẹ."

"Ìyá mi, fóòmù yẹn ò ṣeé sùn lé!"

Ìyá Agbálẹ̀ yíjú wò ó. Ó jẹ́ kí ọmọ náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ó sọ orí kodò.

"Ìyá ẹ tó jẹ́ olùkọ́," ni obìnrin náà wá wí, "lọ́jọ́ tó bá dé, sọ fún un kó ra tuntun fún ẹ."

Ó da omi ọṣẹ nù, ó wọlé. Ó mú káàdì náà nínú báàgì, ó fi etí aṣọ nu ìdọ̀tí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kúrò lára rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí Àbíkẹ́yìn tóun náà wà nínú ọ̀rá. Kò sí òjò tó lè ba méjèèjì jẹ́ mọ́. Dírẹ́bà ń sùn, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, kò kérora.

Nínú yàrá kejì, ó gbọ́ tí ọmọ náà dùbúlẹ̀. Fóòmù àtijọ́ náà ti ní kòtò láàárín, gígùn bàbá, fífẹ̀ bàbá. Ọmọ náà yí sọ́tùn-ún, ó tún yí sósì, ṣùgbọ́n ibi yòówù kó yí sí, inú kòtò náà ló ń já sí. Ìyá rẹ̀ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ bí pákó ṣe ń dún lábẹ́ rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ náà wà lórí àga tí wọ́n máa ń gbé e sí kí ìyá lè lọ̀ ọ́. Kò fọwọ́ kàn án. Ó lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀.