Ẹni Tó Kù Kò Gbọdọ̀ Dìde

Bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò, mi ò ní mẹ́nu kan gáùn dúdú tó ń mú ooru, mi ò sì ní mẹ́nu kan wíìgì tó máa ń yún mi lórí. Akọ̀wé kóòtù tá à ń pè ní Kò-Tíì-Kàn-Yín ni mo máa dárúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo fáìlì wà. Èyí tó bá wù ú ló ń gbé síwájú adájọ́. Èyí tí kò bá wù ú, á ní òun ṣì ń wá a. Tó o bá bi í léèrè, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kò tíì kàn yín. Tó o bá ti wá nǹkan fún un, kíá ló máa kàn ọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, dandan ni kó kàn mí. Ọjọ́ yẹn ni kóòtù máa jókòó kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Mẹkáníìkì ni oníbàárà mi. Ẹnì kan ló gbé mọ́tò wá pé kó bá òun tún un ṣe, kò mọ̀ pé mọ́tò olè ni. Àwọn ọlọ́pàá bá mọ́tò, wọn ò bá ẹni tó gbé e wá, ni wọ́n bá kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ó ti wà lẹ́wọ̀n látìgbà náà, wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Béèlì la wá tọrọ. Agbẹjọ́rò ìjọba pàápàá ti kọ̀wé pé òun ò ní àtakò. Kí adájọ́ ṣáà rí fáìlì yẹn ló kù. Tí ilẹ̀ bá fi lè ṣú láìpe ẹjọ́ wa, inú ẹ̀wọ̀n ni ọmọkùnrin náà máa wà títí wọ́n á fi ti ìsinmi dé.

Ọ̀gá mi, àgbà agbẹjọ́rò tó gbà mí síṣẹ́, ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ pé kí n má ṣe agídí, kí n wá nǹkan fún akọ̀wé, ṣebí gbogbo ayé ló ń fún un. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Ìwọ kọ́ lo wà lẹ́wọ̀n." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun, torí pé òótọ́ ni.

Nínú kóòtù, iwájú ni àwa agbẹjọ́rò máa ń jókòó, ká kọjú sí adájọ́. Àwọn àgbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, àwa ọmọ àná là ń kẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, ìsinmi ti wọ gbogbo wọn lára. Bí ẹjọ́ ẹnì kan bá ti ń parí báyìí, á tẹrí ba fún adájọ́, ó di gbére. Nígbà tó yá, èmi nìkan ló kù lórí àga. Adájọ́ dojú kọ ìwé, ó ń kọ nǹkan. Akọ̀wé bá ṣẹ́jú sí mi, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ìyá mẹkáníìkì, tó jókòó lẹ́yìn mi, rí i ní tiẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé owó wà létí aṣọ òun, kí n jọ̀ọ́, kí n lọ fún un. Mo ní rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé bá a bá fún un lónìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa á ṣe máa fún un. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀.

"Lọ́yà, mi ò rán yín pé kẹ́ ẹ lọ tún ayé ṣe," ló wí. "Ọmọ mi ni mo ní kẹ́ ẹ gbà wá fún mi."

Ó yíjú, ó sì tẹ̀lé akọ̀wé jáde.

Ìdí mi ti kúrò lórí àga kí n tó rántí. Òfin kan wà tí wọ́n ti kọ́ wa láti ilé ìwé: níwọ̀n ìgbà tí adájọ́ bá ṣì jókòó, àga àwọn agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹni tó bá kù kò gbọdọ̀ jáde, ẹjọ́ tiẹ̀ ì báà ti parí, àfi tí adájọ́ bá yọ̀ǹda rẹ̀. Mo wẹ̀yìn bóyá màá rí agbẹjọ́rò kan tó máa bá mi jókòó. Kò sẹ́nì kankan. Inú bí mi sí akọ̀wé, ó bí mi sí òfin, ó sì bí mi sí gbogbo àwọn tó ti sá lọ sílé. Obìnrin yẹn ti ń lọ kó owó fún olè, èmi sì jókòó síbí bí ère. Ni mo bá dìde, mo tẹrí ba.

"Olúwa mi, mo tọrọ àyè láti jáde."

Adájọ́ ò gbójú sókè. "Ta ló máa bá mi jókòó?"

"Kò kù sẹ́nì kankan, Olúwa mi."

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè. Ó wo àwọn àga tó ṣófo, ó wá wò mí bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. "Ẹjọ́ wo lo bá wá?"

Mo lè parọ́ pé inú ló ń run mí. Mi ò ní ẹlẹ́rìí, akọ̀wé sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

"Ẹjọ́ béèlì ni, Olúwa mi. Wọn ò pè é. Akọ̀wé ti jáde, ìyá oníbàárà mi sì ti tẹ̀lé e lọ nítorí fáìlì. Mo fẹ́ lọ dá a dúró, torí mo ti sọ fún un pé kò sí ohun tó yẹ kó fún ẹnikẹ́ni."

Ọlọ́pàá tó fara ti ògiri nàró ṣánṣán. Adájọ́ ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rọra fi kálàmù lélẹ̀, ó ní kí ọlọ́pàá lọ pe akọ̀wé wá, ohun yòówù tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó mú un dání bọ̀.

Fáìlì wa ló wà lábíyá akọ̀wé nígbà tó wọlé. Ìyá tẹ̀lé e lẹ́yìn. Etí aṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ó ṣì wà ní dídì.

Akọ̀wé ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fáìlì náà ni. Adájọ́ ní òun náà rí i pé ó rí i, kó lọ dúró de òun ní yàrá òun. Ó ṣí fáìlì, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo ti há sórí fò lọ pátá. Gbólóhùn bíi mélòó kan ni mo rí sọ. Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní òun fún un ní béèlì, kí ìyá rẹ̀ ṣe onídùúró. Ìyá ń wo ẹnu mi, kò yé e.

"Ó ń bọ̀ wálé," ni mo sọ fún un.

Orí àtẹ̀gùn ìta ni ìyá jókòó sí. Mo jókòó tì í tòun ti gáùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo mọ̀ pé agídí mi ì bá ti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Mo ti fẹ́ tú u, ọmọ mi," ló wí. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, mi ò rí i tú."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, òun náà bá rẹ́rìn-ín, a wá ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè níṣojú àwọn tó ń kọjá.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, wọ́n ṣí géètì ẹ̀wọ̀n fún ọmọ rẹ̀. Ó ti rù, ó sì mú bàtà rẹ̀ dání. Mo rò pé ìyá máa ké. Kò ké. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Wọ bàtà ẹ," ló ní, "ká máa lọ sílé."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọ bàtà. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo wá ń sunkún, ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.