Tèslìmù, Dìde

Ní ìdíkọ̀ ni Bàṣírátù ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tó gbé e láti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ ní Kumasi ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, àpò wà léjìká rẹ̀, ó ń ra omi tútù. Orin ń lọ nínú rédíò ọlọ́mi, Bàṣírátù sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí òun gan-an ló ta gìtá béèsì inú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó tó oṣù mẹ́ta tó ti fọwọ́ kan gìtá gbẹ̀yìn. Àfi bí ìlù ṣe dákẹ́ lójijì, tí ohùn obìnrin kan ké láàárín orin pé, "Tèslìmù! Tèslìmù, dìde!" Ni ìlù bá tún já wọlé, ni àwọn ọ̀dọ́ ìdíkọ̀ bá ń fò sókè, tí wọ́n ń ké e tẹ̀lé e: dìde, dìde, dìde.

Omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

Tèslìmù ni bàbá rẹ̀, télọ̀ ni ní Asawase, àdúgbò kan ní Kumasi. Moríyọ̀ ìyá rẹ̀ lo ọdún mọ́kàndínlógójì nílé ọkùnrin yẹn láì dárúkọ rẹ̀ rí. "Bàbá Bàṣírà" ló ń pè é. Bí ọmọ àdúgbò kan bá ń jẹ́ Tèslìmù, "Alájẹ́ ọkọ mi" ni Moríyọ̀ máa ń pe ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí bàbá kú, pálọ̀ ilé wọn ni ẹgbẹ́ olórin fọ́ńkì tí wọ́n ń pè ní Ata Gígún ti ń fi orin dánra wò. Dáúdà, olórí ẹgbẹ́, ti gbé fóònù rẹ̀ sójú fèrèsé kó lè gba ohùn wọn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá jókòó ní àgbàlá, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, ló bá rọra tẹ̀ síwájú. Moríyọ̀ mì í. Ó pe Bàbá Bàṣírà, kò dáhùn. Ìgbà náà ló wá ké orúkọ rẹ̀ gan-an, bí ẹni tó rò pé ìyẹn nìkan ló kù tó lè jí i.

Wọ́n sin bàbá lọ́jọ́ náà. Moríyọ̀ wọ opó, kò gbọdọ̀ jáde fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Bàṣírátù lọ sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, ìròyìn náà sì dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, ni Bàṣírátù bá dúró tọ́jú rẹ̀. Ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní sitúdíò kí gbogbo rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Dáúdà ránṣẹ́ sí i pé àwo wọn, Ilẹ̀ Gbóná, ti jáde, pé ó ń tà bí omi inú ọ̀gbẹlẹ̀, pé wọ́n ń fi jó dé Accra àti Lọ́ńdọ̀nù. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ọkàn àtigbọ́ orin kankan.

Kò lọ sílé. Àdúgbò Ayigya ló gbà lọ tàpòtàpò, níbi tí sitúdíò wà lókè ilé oúnjẹ kan. Dáúdà fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, òun ló kọ́ ọ ní gìtá, "Bùrọ̀dá" ni Bàṣírátù sì ń pè é, kì í fi "o" bá a sọ̀rọ̀. Dáúdà dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kí i káàbọ̀. Bàṣírátù bi í níbi tó ti rí ohùn yẹn. Kò sẹ́.

"Bàṣírà, fara balẹ̀," ó ní. "Ta ló mọ̀ pé Màámi ni? Kò sí akọrin tó lè mú irú ohùn yẹn wá. Láìsí i, àwo lásán ni. Bàbá ti di ẹni tí gbogbo ayé ń pè."

Bàṣírátù ní, "Ọdún mọ́kàndínlógójì ni ìyá mi fi gbé orúkọ yẹn mì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló pè é, lórí òkú. Ìwọ Dáúdà, o jókòó nílé wa, o jẹ oúnjẹ rẹ̀, o wá fi igbe rẹ̀ ṣe ijó."

Ó ní kó yọ ọ́ kúrò. Dáúdà ní kò ṣeé ṣe báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti pe ẹgbẹ́ wọn síṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, orin yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́.

Nígbà tó délé, ó bá ìyá rẹ̀ nínú yàrá, ó ti fi aṣọ dí ojú fèrèsé. Ìyá béèrè ara àbúrò ọkọ rẹ̀, ó béèrè ọ̀nà. Bàṣírátù ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́, àmọ́ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, òun rò pé orí òun ló dàrú ni. Opó kò sì jẹ́ kóun lè sá jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni àwọn ọmọ fi ń jó o lẹ́yìn ilé.

Bàṣírátù béèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun lórí fóònù.

Ìyá wo ilẹ̀. "Mo rò pé o mọ̀ sí i ni."

Bàṣírátù kò lè sunkún. Ìbínú ti gba àyè ẹkún.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó lọ síbi eré náà, ní àgbàlá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ayigya, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó dúró sáyè rẹ̀. Dáúdà rò pé ó ti gbà. Bàṣírátù ta á bí kò ṣe ta á rí. Nígbà tí orin náà dé ibi tí ìlù ti ń dákẹ́, tí Dáúdà nawọ́ sí bọ́tìnnì tó ń gbé igbe náà jáde, Bàṣírátù fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì fi èdè Twi sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń bá ké nínú orin yìí, ìyá òun ni. Òkú bàbá òun ló sì ń jí.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Àtẹ́wọ́ yẹn dùn ún ju orin náà lọ. Dáúdà ṣẹ́jú sí Kwaku onílù pé kó máa lù ú lọ. Kwaku wo ojú Bàṣírátù, ó gbé ọ̀pá ìlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní "due", bí àwọn Àṣàǹtí ṣe ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Lọ́jọ́ kẹta, Dáúdà kó àgbà méjì wá láti mọ́sáláṣí. Ó dọ̀bálẹ̀ sí àgbàlá, níwájú ilẹ̀kùn. Moríyọ̀ kò jáde. Ẹ̀yìn aṣọ ilẹ̀kùn ló ti dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè.

"Dáúdà, gbogbo Kumasi ti bá mi pè é títí. Kò dìde. Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kó sùn?"

Àwọn àgbà doríkodò. Dáúdà pa ojú dé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàṣírátù dúró ti ògiri, ó ń wò ó. Àánú rẹ̀ kò ṣe é.

Dáúdà yọ ohùn náà kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde kò ṣeé kó padà, tàtijọ́ sì ni àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́. Nígbà tí opó parí, Moríyọ̀ wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ Dáúdà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bàṣírátù kò ṣe àmín. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ní béèsì ní Ashanti New Town, bí ó bá sì rí Dáúdà lókèèrè, kì í yà fún un lọ́nà. Dáúdà ló máa ń yà.