Sọ́jà Tó Ń Dirun

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni bàbá wọn fi ṣiṣẹ́ sọ́jà, ilé rẹ̀ gan-an ò sì yàtọ̀ sí bárékè. Fèrè ló fi ń jí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ibùsùn ẹnì kan ò bá tẹ́ dáadáa, á tú u palẹ̀, á ní kí olúwarẹ̀ tún un ṣe.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó kú, tí ẹbí ní kí àkọ́bí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà nípa rẹ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn sọ́jà, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ọ́ pé: "Akọni ni bàbá wa. Kò bẹ̀rù ohunkóhun rí."

Ìyá wọn yọjú wo ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ni ò bẹ̀rù? Bàbá yín tó máa ń gun orí àga tó bá ti rí aláǹgbá?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá àgbà wọn máa wà níbẹ̀."

"Kí òun náà gbọ́!"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni Ẹnu-Ò-Sinmi ti wọlé, sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tó bá bàbá ṣiṣẹ́ ní ibùdó kan náà fọ́dún mẹ́fà. Ó wá kí wọn ni. Ó gba ìwé, ó na apá rẹ̀ gbọọrọ kó tó lè rí i kà, ó sì yínmú.

"Irun tó ń dì ńkọ́? Ẹ ò kọ ìyẹn síbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì yára gba ìwé náà padà. Àṣírí ilé ni! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nọ́ọ̀sì nígbà tí ìyá wọn fi oṣù méjì dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Bàbá gbé ìyàrí bí ẹni gbé ìbọn, ó dirun fún un, irun sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí òrùlé tí ìjì jà. Nílé ìwé, wọ́n sọ ọ́ ní "Òrùlé". Ó sunkún délé. Lọ́sẹ̀ kejì, ọwọ́ bàbá ti dá ṣáká, irun tò bí sọ́jà tó fẹ́ yan. Ó wá kìlọ̀ pé ẹni tó bá sọ síta, òun ni yóò máa fọ ìkòkò fún oṣù kan. Ọgbọ̀n ọdún rèé, wọn ò lanu.

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Sọ fún wa kẹ̀? Obìnrin tó ń dáná fún wa ló kọ́ ọ. Okùn àgọ́ wa ló fi kọ́ṣẹ́, ó dì wọ́n tán pátá! Ọ̀gá wá yẹ ibùdó wò, ó ní kí lèyí. Bàbá yín nà ró gbangba: 'Ó ń jẹ́ kí okùn lágbára ni, sà!' Ọ̀gá ní kí gbogbo àgọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ogójì géńdé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, okùn la ń dì!"

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì kú sórí tábìlì. Àmọ́ ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde dúró.

"Ẹ sọ fún mi pé ìyá ilé kejì ló ń dirun yín!"

"Bàbá ló ní ká sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Aṣọ tuntun ni mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn! Ó gbà á! Ó tún ní, 'Kò tópẹ́'!"

Ó jókòó padà, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, omijé náà ò sì tètè dá. "Ọkùnrin yìí," ló ń wí ṣáá.

Nọ́ọ̀sì fa ìwé àkọ́kọ́ ya, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lọ́jọ́ ìrántí, ó ka gbogbo rẹ̀, aláǹgbá, okùn, òrùlé. Gbọ̀ngàn mì tìtì fún ẹ̀rín. Ọ̀gá àgbà fi fìlà bojú. Nígbà tó kan ibi tí bàbá ti ń ya irun rẹ̀ sọ́nà, tó ń béèrè pé, "Ṣé ó ń dùn ẹ́?", ó gbé ìwé sílẹ̀. Ó ní láti mu omi kó tó parí rẹ̀.

Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, sọ́jà arúgbó kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra wò yíká.

"Èmi náà dirun fún ọmọ mi rí," ló wí. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ìyàwó mi wà níjòókòó lọ́hùn-ún. Má sọ ọ́ síta."