Òróró Ẹja Lẹ́sẹ̀ Télọ̀

Olórí kunkun ni ọkọ mi, kí n má parọ́. Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa ló ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú. Bí ẹ̀rọ náà bá ti han gooro, òróró ló máa ń kán sí i, á sì dákẹ́. Lójú tiẹ̀, kò sí ohun tí òróró kò lè tún ṣe.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún náà di tútù, tí ọmọ ìka rẹ̀ kan sì ń dúdú, àbúrò mi tó ń ta oògùn gbé ìgò òróró ẹja kan wá, oníhóró rírọ̀ tí wọ́n máa ń gbé mì. Ó ní àwọn kan gbà pé ó dára fún iṣan ẹ̀jẹ̀, kó máa lò ó mọ́ oògùn dókítà. Mo rí i pé hóró inú ìgò ń dín kù, ọkàn mi balẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí mo gbọ́ òórùn ẹja lára aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n gbé wá rán. Mo yọjú. Ọkùnrin yìí ti fi abẹ́rẹ́ lu hóró oògùn, ó ń fún un sí ọrùn ẹsẹ̀.

"Bàbá Ìbejì! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ibi tó bá gan la máa ń kán an sí. Ṣé ikùn mi ló tutù ni, tí mo fi máa gbé e mì?"

Inú bí mi. Mo pariwo lé e lórí títí ohùn mi fi há.

Ní ilé ìwòsàn tí mo gbé e lọ, dókítà fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ lẹ́sẹ̀ náà, kò rí i. Mo ro ẹjọ́ òróró náà fún un.

"Màmá, ẹ má bá wọn jà nítorí òróró. Ká ní wọ́n gbé e mì gan-an, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìbá ṣe nǹkan kan. Iṣan náà ti dí. A máa gé ẹsẹ̀ yẹn lọ́la, kí ìjẹrà náà má baà gòkè."

"Kí ni mo wá fẹ́ fi tẹ ẹ̀rọ?" ni ọkọ mi bi í. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó fa ìgò náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìyá Ìbejì, bá mi fi ra á. Ọwọ́ mi ò tó o mọ́."

Èmi tí mo pariwo! Mo yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń fi há ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, mo lu hóró kan, mo sì ń fi òróró ra ẹsẹ̀ náà. Ó tutù bíi ilẹ̀ yàrá.

"Ṣé ó ti ń gbóná?"

"Ó ti ń gbóná díẹ̀," ni mo wí, mo sì lu òmíràn.